Ọyẹ́, Òjò àti Ọjọ́ 21: Ọ̀rinrin Inú Ínkúbétọ̀ ní Òkè-Ògùn

Ẹ̀rọ kan náà ni, agbo adìyẹ kan náà ló yé ẹyin, ọwọ́ ẹnì kan náà ló sì ń tọ́jú wọn. Bí wọ́n bá to ẹyin sínú ínkúbétọ̀ ní Ṣakí lóṣù Keje, òròmọdìyẹ á kún inú rẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlélógún. Bí wọ́n bá tún to òmíràn lóṣù Kìíní, tí wọ́n sì ṣe gbogbo nǹkan bí wọ́n ṣe ṣe é lóṣù Keje, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ẹyin á dá lu, ṣóńṣó àgógó á yọ, ibẹ̀ náà ni yóò sì dúró sí. Nígbà tí olósìn bá fọ́ èèpo wò, ọmọ tó ti pé ló máa bá níbẹ̀, tó ti hu ìyẹ́, tó ti yọ èékánná, tí awọ inú ẹyin sì ti gbẹ mọ́ lára. Àkùkọ ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi, pé kò gun abo dáadáa, tàbí kí wọ́n ní ẹni tó ta ẹyin fún wọn ló tà wọ́n ní ẹyin àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin tí àkùkọ kò fọwọ́ sí kì í ní ọmọ nínú rárá. Ọmọ tó dàgbà dé ojú àtijáde kó tó kú ti la gbogbo ìyẹn kọjá. Lásìkò ọyẹ́, ọ̀rinrin inú ẹ̀rọ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí.

Òkè-Ògùn, pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rẹ̀, wà ní apá àríwá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí igbó kìjikìji ti tán tí ọ̀dàn ti gbalẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá ni òjò fi ń rọ̀ níbẹ̀. Bí àrọ̀kúrò bá ti kásẹ̀ ńlẹ̀, ilẹ̀ á gbẹ, nígbà tó bá sì fi máa di oṣù Kejìlá, afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ Sàhárà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wá láti òkè lọ́hùn-ún. Ètè á là, ẹsẹ̀ á funfun, aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá á ti gbẹ kí wọ́n tó fọ èyí tó kù tán. Ìbàdàn náà ń rí ọyẹ́, Èkó ń rí i fẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ọyẹ́ tó ń bá wọn ní Kìṣí, Ìgbòho àti Ṣakí le ju tiwọn lọ, ó sì máa ń pẹ́ kó tó lọ. Ìwé ìtọ́nisọ́nà tó bá ínkúbétọ̀ wá láti ilẹ̀ Ṣáínà kò mọ gbogbo èyí. Ohun tó máa ń wà nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n bu omi sí ojú ihò kan ní ọjọ́ kìíní, kí wọ́n bù ú sí méjèèjì ní ọjọ́ kejìdínlógún.

Òkè-Ògùn kò ṣàì ní ẹyin tí ẹ̀rọ lè pa. Adìyẹ ìbílẹ̀ kún ibẹ̀, ti Yorùbá tó fúyẹ́ àti èyí tó tóbi díẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ọ̀sìn ń pè ní ti Fúlàní nítorí pé àgọ́ àwọn darandaran ni ó pọ̀ sí. Adìyẹ Noiler, tí ilé iṣẹ́ Amo Farm Sieberer Hatchery ní Awẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Ọ̀yọ́ gbé jáde, kò jìnnà sí wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni FUNAAB Alpha, irú adìyẹ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébámbọ̀ ṣáájú iṣẹ́ rẹ̀ ní Fásitì Ìmọ̀ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2018. Ẹ̀rọ náà ti dé ọwọ́ àwọn ènìyàn: àwọn kan ra oníke tó ń gba ẹyin 56 tàbí 96, àwọn kan ní káfíńtà bá wọn fi pákó kan tiwọn, àwọn mìíràn sì sọ fíríìjì tó ti bàjẹ́ di ínkúbétọ̀ nípa fífi gílóòbù, fáànù àti tẹmósítáàtì sí i. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ìgbà tí ọjà ń pè ni ọyẹ́ ń jà. Ẹni tó fẹ́ kí adìyẹ ẹran rẹ̀ tó tà nígbà ọdún Àjíǹde gbọ́dọ̀ ti to ẹyin láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kejì, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹyin yóò lò nínú ẹ̀rọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ sì ni adìyẹ yóò fi dàgbà.

Kí ni ọyẹ́ ń ṣe fún ẹ̀rọ tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa? Ẹ̀rọ kì í dá afẹ́fẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń fà wọlé láti ojú ihò rẹ̀, tó ń mú gbóná dé 37.5°C. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ṣe ń gbóná sí i ni omi tó lè gbé ń pọ̀ sí i. Ní 37.5°C, afẹ́fẹ́ tó kún àyè tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó ga ní mítà kan, lè gba nǹkan bí 45 gíráàmù omi. Nígbà tí wọ́n bá ní ọ̀rinrin jẹ́ ìdá 50 nínú 100, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ náà ru ìdajì ẹrù omi tó lè rù.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wo oṣù Keje. Afẹ́fẹ́ yàrá tó wà ní 25°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ ìdá 90, tó bá wọ inú ẹ̀rọ tó sì gbóná dé 37.5°C, ọ̀rinrin rẹ̀ á wá sílẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 44. Ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí ẹyin ń fẹ́, abọ́ omi kékeré kan ló kù. Lọ́sàn-án ọyẹ́, bí yàrá bá wà ní 32°C tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 25, ohun tí ẹyin yóò bá nínú ẹ̀rọ kò ju ìdá 18 lọ. Èyí tó ń tan ènìyàn jù ni ti àárọ̀: òtútù mú, ara balẹ̀, òṣùwọ̀n inú yàrá ní ìdá 50 ni ní 20°C, olósìn á sì rò pé ọyẹ́ ti rọlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá gbóná dé 37.5°C, ìdá 18 náà ló tún máa jẹ́. Omi inú rẹ̀ kò lé, òtútù ló jẹ́ kó dà bí ẹni pé ó pọ̀.

Fún gbogbo mítà afẹ́fẹ́ irú èyí tí a ṣàpèjúwe lókè yìí tó bá wọ inú ẹ̀rọ lásìkò ọyẹ́, abọ́ omi gbọ́dọ̀ fún un ní nǹkan bí 14 gíráàmù omi kí ọ̀rinrin tó dé ìdá 50. Lóṣù Keje, kò tó 3 gíráàmù. Iṣẹ́ tí abọ́ omi ń ṣe lásìkò ọyẹ́ fi nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ju tìgbà òjò lọ, abọ́ kan náà kò sì lè ṣe méjèèjì.

Ẹyin fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tó dí pa. Ìkòkò omi alámọ̀ tó wà ní ìdí ògiri ni ẹyin fi jọ: omi inú ìkòkò ń yọ́ jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ara amọ̀, bí ọyẹ́ bá sì dé, omi á tètè fà nínú rẹ̀ ju tìgbà òjò lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bu mu. Èèpo ẹyin adìyẹ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí. Nǹkan bí 10,000 ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hermann Rahn ní Fásitì Buffalo ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Amos Ar àti Charles Paganelli, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí ẹyin ṣe ń mí. Lọ́dún 1979, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Scientific American pé láàárín ọjọ́ 21, ẹyin adìyẹ kan yóò fa nǹkan bíi lítà mẹ́fà ọ́síjìn wọlé, yóò sì fi omi tó ti di afẹ́fẹ́ sílẹ̀ tó lítà mọ́kànlá. Láti ojú àwọn ihò kan náà ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí omi ń gbà jáde. A kò lè dí ihò náà nítorí omi kí ọmọ má kú fún àìrí èémí.

Àwọn kan rò pé gbogbo omi tó bá jáde lára ẹyin, àdánù ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó wà nínú ẹyin tuntun ló jẹ́ omi. Ọ̀rá inú pupa ẹyin ni ọlẹ̀ ń jẹ láti fi dàgbà, bí ara bá sì ti jó ọ̀rá, omi mìíràn ni yóò ti ibẹ̀ wá. Bí ẹyin kò bá rí omi yìí lé jáde, yóò kún inú ọmọ àti àyíká rẹ̀. Àyè tí omi bá fi sílẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà ní ìdí ẹyin, ní apá tó gbòòrò. Àyè afẹ́fẹ́ yìí ni òròmọ yóò ti mí èémí àkọ́kọ́ rẹ̀ láyé, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti rí ààyè yí ara. Nítorí náà ẹyin gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ 18, ó yẹ kó pàdánù ìdá 11 sí 14 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀, ìdá 12 tàbí 13 ló sì dára jù. Èyí ni òdiwọ̀n tó ṣe pàtàkì. Ìdá 50 tàbí 55 ọ̀rinrin tí gbogbo ìwé ń pariwo kàn jẹ́ ọ̀nà tí a ń gbà dé ibẹ̀ ni.

Wíwọn ẹyin kò le. Ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn obìnrin fi ń wọn fúláwà kéèkì ti ní gbogbo ohun tó nílò. Kó wọn ẹyin kọ̀ọ̀kan kó tó to wọ́n, kó fi pẹ́ńsù kọ ìwọ̀n náà sára èèpo. Ká ní ẹyin 30 ni, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,650 gíráàmù lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé. Bí nǹkan bá ń lọ bó ṣe yẹ, ní ọjọ́ keje, yóò ku nǹkan bí 1,573. Ní ọjọ́ 14, nǹkan bí 1,496. Ní ọjọ́ 18, nǹkan bí 1,452. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ keje tó jẹ́ pé 1,540 ló kù, ẹ̀rọ ti gbẹ jù, ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀ ṣì wà láti fi tún un ṣe: kí wọ́n fi abọ́ tó fẹ̀ sí i kún èyí tó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 1,610 ló kù, ọ̀rinrin ti pọ̀ jù, kí wọ́n gbé abọ́ omi jáde fún ìgbà díẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ẹyin tí kò ní ọmọ kúrò, kí wọ́n yọ ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára náà kúrò nínú àpapọ̀ ti ọjọ́ kìíní, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìṣirò á ṣì wọ́n lọ́nà.

Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n á gbára lé iná. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kó gbé ìdí ẹyin lé ojú tọ́ọ̀ṣì, yóò rí àyè afẹ́fẹ́ náà bó ṣe mọ́lẹ̀ kedere lókè ibi tó dúdú. Kó fi pẹ́ńsù fa ìlà yí etí rẹ̀ ká ní ọjọ́ keje, ọjọ́ 14 àti ọjọ́ 18. Ìlà wọ̀nyí gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ 18, àyè náà yóò ti tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹyin.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó kan Òkè-Ògùn gan-an. Ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀ kéré, ẹyin kékeré sì máa ń tètè pàdánù omi ju ẹyin ńlá lọ, nítorí pé ara rẹ̀ tó kan afẹ́fẹ́ pọ̀ ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Adìyẹ tó ti dàgbà máa ń yé ẹyin tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, ìyẹn náà ń yára gbẹ. Olósìn tó kó ẹyin ìbílẹ̀ jọ láti Tedé àti Àgọ́-Àrẹ, tó sì tò wọ́n pọ̀ mọ́ ẹyin ńlá láti ilé iṣẹ́ kan nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ti fún ara rẹ̀ níṣẹ́ méjì tí kò bára mu. Bí ọ̀rinrin bá tẹ́ ẹyin ńlá lọ́rùn, ẹyin kékeré á gbẹ kọjá ààlà. Ó sàn kó tò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí kó wọn ìsọ̀rí méjèèjì sọ́tọ̀ kó lè mọ èyí tí yóò dá sí.

Ní ilẹ̀ Íjíbítì, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ṣe tẹmómítà ni wọ́n ti ń pa ẹyin nínú ààrò ńlá alámọ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye ẹyin lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń jẹ́ Réaumur kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1749, ẹnu sì ya àwọn ará Yúróòpù. Àwọn òṣìṣẹ́ ààrò yìí a máa gbé ẹyin kan ìpéǹpéjú wọn láti mọ̀ bó bá gbóná tó. Awọ ara ènìyàn lè mọ ooru lọ́nà yẹn. Kò lè mọ ọ̀rinrin, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdá 35 àti ìdá 55 nínú àpótí tó gbóná. Ohun èlò ni yóò sọ ọ́.

Ohun èlò tó sì wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ oníke kò ṣe é gbára lé lójú lásán. Iyọ̀ inú ilé ìdáná lè dán an wò. Kí wọ́n bu iyọ̀ sínú ìdérí ìgò, kí wọ́n kán omi díẹ̀ sí i títí tí yóò fi rin ṣùgbọ́n tí kò ní yọ́ tán, kí wọ́n gbé e pẹ̀lú òṣùwọ̀n ọ̀rinrin sínú ọ̀rá tó mọ́, kí wọ́n sì dì í pa títí di ọjọ́ kejì. Afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá náà yóò dúró sí ìdá 75, bí ìmọ̀ ẹ̀dá ṣe fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí òṣùwọ̀n bá ka 68, olósìn ti mọ̀ pé méje ni òun yóò máa fi kún ohun tó bá ń kà.

Ọ̀nà àtijọ́ tún wà, èyí tí kò nílò bátìrì. Tẹmómítà méjì ni: wọ́n á fi ọ̀kan sílẹ̀ ní gbígbẹ, wọ́n á wá fi òwú wé ìdí èkejì, kí ìrù òwú náà máa mu omi nínú ìgò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù. Ìsẹ́yìn, ìlú àwọn tó ń hun aṣọ òkè, kò lè ṣàìrí òwú tó dára fún iṣẹ́ yìí, bí wọ́n bá ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó lè máa fa omi. Omi tó ń gbẹ kúrò lára òwú ń mú tẹmómítà náà tutù, bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbẹ tó ni ìyàtọ̀ méjèèjì yóò ṣe pọ̀ tó. Bí gbígbẹ bá wà ní 37.8°C tí tútù wà ní 28.5°C, ìdá 50 ni ọ̀rinrin. Bí tútù bá jẹ́ 29.6°C, ìdá 55 ni. Bó bá gòkè dé 31.7°C, ìdá 65, 32.6°C, ìdá 70. Omi kànga tó ní ẹfun máa ń dí òwú pa, omi òjò ló dára jù fún un, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ òwú náà fún ẹyin tuntun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tò.

Ọjọ́ 18 ni gbogbo ìṣe yí padà. Wọn kò ní yí ẹyin mọ́, wọn kò ní yẹ̀ ẹ́ wò mọ́, ọ̀rinrin sì gbọ́dọ̀ gòkè sí ìdá 65 sí 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé ẹyin tí wọ́n ti ń fi ọgbọ́n mú gbẹ láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ń bomi rin báyìí. Ìdí rẹ̀ wà nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ èèpo. Ní nǹkan bí ọjọ́ 19, òròmọ á fi àgógó gún awọ tó yà á sọ́tọ̀ sí àyè afẹ́fẹ́, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá gbé ẹyin sétí lè gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń ké fíìn-fíìn. Lásìkò kan náà, ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú awọ abẹ́ èèpo ń padà sí ara ọmọ, ìyókù pupa ẹyin sì ń wọ inú ikùn rẹ̀ láti ojú ìdodo. Ní ọjọ́ 20, yóò fi ìwo wínníwínní orí àgógó rẹ̀ dá èèpo lu, yóò sì sinmi. Ìsinmi yìí lè gba wákàtí 12, ó lè tó 24. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò máa yí ara rẹ̀ po díẹ̀díẹ̀, tí yóò máa gé èèpo yí ká ní ìdí ẹyin, kó tó fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ jáde.

Láàárín wákàtí ìsinmi yẹn, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ ti rí ojú ihò wọlé bá awọ funfun tó yí ọmọ ká. Bí afẹ́fẹ́ náà bá gbẹ, awọ á le, á sì dì mọ́ ìyẹ́. Ọmọ kò ní lè yí mọ́. Èyí gan-an ni òkú òròmọ tí olósìn ń bá nínú ẹyin lóṣù Kìíní.

Ìdí nìyí tí ṣíṣí ẹ̀rọ láàárín ọjọ́ 18 sí 21 fi burú tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣí i nítorí àtiyọ òròmọ àkọ́kọ́, tàbí nítorí kó lè fi han àlejò, ti da ọ̀rinrin nù lójú ẹsẹ̀, ẹyin mìíràn tó ti dá lu tó sì ń sinmi ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀. Òròmọ tó ti jáde kò níṣòro: pupa ẹyin tó gbé wọ ikùn tó o jẹ fún ọjọ́ méjì ó kéré tán. Kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ níbẹ̀, kó dúró de àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bíbá ọmọ fọ́ èèpo pẹ̀lú kò bójú mu bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì wà nínú awọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n “ràn lọ́wọ́” báyìí ni ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn tí wọ́n sì ń kú.

Báwo ni wọ́n ṣe lè mú ọ̀rinrin gòkè dé ìdá 65 nígbà tí ọyẹ́ ń jà níta? Jíjinlẹ̀ abọ́ kò ràn án, fífẹ̀ ojú omi ló ń ṣiṣẹ́. Abọ́ pẹrẹsẹ tí omi inú rẹ̀ kò ju ìka kan lọ sàn ju korobá kékeré tó kún dẹ́nu. Fóòmù tàbí aṣọ ìnura tó mọ́, tí apá kan rẹ̀ wà nínú omi tí apá kejì nà sókè sójú afẹ́fẹ́, máa ń sọ ojú omi di ńlá láìgba àyè. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí wọ́n máa fi kún un, nítorí omi tútù yóò fa ooru ẹ̀rọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń kan ẹ̀rọ tirẹ̀ lè na rọ́bà tín-ínrín kan láti ìta dé inú abọ́, kó lè máa bomi sí i láìṣí ìlẹ̀kùn.

Yàrá tí ẹ̀rọ wà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Yàrá ilé alámọ̀, tí ògiri rẹ̀ nípọn, kì í tètè gbóná bẹ́ẹ̀ ni kì í tètè tutù, ó dára fún iṣẹ́ yìí ju ṣọ́ọ̀bù onípáànù ẹ̀gbẹ́ títì lọ. Bí ọyẹ́ bá le gan-an, kí wọ́n rẹ àpò ìdọ̀họ sínú omi, kí wọ́n fi kọ́ sínú yàrá. Omi tí afẹ́fẹ́ bá ti gbà nínú yàrá, ẹ̀rọ kò ní láti wá a mọ́.

Ohun kan tó yẹ kí gbogbo olósìn yẹra fún ni fífi aṣọ dí ojú ihò ẹ̀rọ kí ọ̀rinrin má bàa sá. Ọ̀rinrin á gòkè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó kẹ́yìn yìí ni àwọn ọmọ nílò ọ́síjìn jù, torí ẹ̀dọ̀fóró wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mí ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n dí ihò rẹ̀ á fi ọ̀rinrin tó dára hàn lójú òṣùwọ̀n, òròmọ á sì máa kú nínú rẹ̀.

Ìgbà òjò ní wàhálà tirẹ̀ tó yàtọ̀. Ní oṣù Kẹjọ sí Kẹsàn-án, ẹni tó bá ń bomi sí ẹ̀rọ láti ọjọ́ kìíní bí ìwé ṣe sọ lè jẹ́ kí ọ̀rinrin wà ní ìdá 65 fún ọjọ́ 18 gbáko. Ẹyin kò ní fúyẹ́ tó, àyè afẹ́fẹ́ á kéré. Òròmọ á tóbi, ikùn rẹ̀ á wú, ara rẹ̀ á yọ̀, ìdodo rẹ̀ kò ní dí dáadáa, kòkòrò àrùn á sì gba ibẹ̀ wọlé. Òmíràn á rì sínú omi inú ẹyin rẹ̀ lẹ́yìn tó dá a lu. Àwọn olósìn kan ní ilẹ̀ òyìnbó ń pa ẹyin láìbomi rárá títí di ọjọ́ 18, wọ́n sì ń rí ọmọ. Nínú oṣù Keje sí Kẹsàn-án, ẹni tó wà ní Òkèhò tàbí Ìgànná lè dán irú ọgbọ́n yẹn wò pẹ̀lú òṣùwọ̀n lọ́wọ́. Ẹni tó bá ṣe é lóṣù Kìíní ti fi ẹyin rẹ̀ ṣòfò.

Ní ọjọ́ 22, kí wọ́n fọ́ gbogbo ẹyin tó ṣẹ́kù. Iṣẹ́ yìí kò dùn, òórùn rẹ̀ kò dára, àmọ́ ibẹ̀ ni ìmọ̀ wà. Ẹyin tó mọ́ gaara kò ní ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òrùka ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ọlẹ̀ kú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ooru tàbí ẹyin tó pẹ́ jù nílẹ̀ kí wọ́n tó tò ó ló sábà máa ń fà á. Ọmọ tó pé, tó kéré, tí awọ gbẹ mọ́, pẹ̀lú àyè afẹ́fẹ́ ńlá: ọ̀dá omi. Ọmọ tó pé, tó wú, tó rin gbindin, pẹ̀lú àyè afẹ́fẹ́ kékeré: omi pọ̀ jù. Kí wọ́n kọ iye ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú oṣù tí wọ́n to ẹyin.

Ẹyẹ mìíràn náà wà ní ọ̀dàn. Ẹtù ń lo ọjọ́ 26 sí 28, tòlótòló àti pẹ́pẹ́yẹ tí kì í ṣe ti ìbílẹ̀ ń lo 28, pẹ́pẹ́yẹ ìbílẹ̀ tiwa sì ń lo 35. Ìlànà kan náà ni, ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn ni ọ̀rinrin ń gòkè fún ọ̀pọ̀ wọn. Èèpo ẹtù nípọn gan-an, nítorí náà wíwọ̀n rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ti adìyẹ lọ. Wọn kò gbọ́dọ̀ bá adìyẹ wà nínú ẹ̀rọ kan ní ọjọ́ ìpa, àyàfi bí wọ́n bá ní àpótí mìíràn tí wọn yóò kó àwọn tó ti tó jáde sí. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá mọ èyí: ẹ̀rọ kan wà fún ọjọ́ 18 àkọ́kọ́, òmíràn wà fún ọjọ́ mẹ́ta ìkẹyìn.

Iná ìjọba tó ń lọ tó ń bọ̀ tún ń dá kún un. Bí fáànù bá dúró, kí wọ́n má ṣí ẹ̀rọ, kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó nípọn tí kò dí ojú ihò, kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ tàbí kí sólà gbà á. Bí iná bá padà dé, kí wọ́n wo abọ́ omi kí wọ́n tó wo ohunkóhun mìíràn.

Òkè-Ògùn ní ibi tí iṣẹ́ yìí lè ti gbòòrò sí i. Fásitì LAUTECH ti gbé ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn, Pólì Òkè-Ògùn sì wà ní Ṣakí. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn máa ka ọ̀rinrin yàrá àti ìwọ̀n ẹyin lóṣooṣù, kí wọ́n sì lẹ àbájáde rẹ̀ mọ́ ojú ọ̀nà ọjà ní èdè Yorùbá, kí àwọn olósìn rí ohun tí ìwé ilẹ̀ Ṣáínà kò lè sọ fún wọn. Kí ìyẹn tó dé, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ to ẹyin lásìkò ọyẹ́ tó ń bọ̀, ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré yẹn kí ẹ tó ra ẹ̀rọ kejì, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹyin láti ọjọ́ kìíní.